Awò Tí A Fi Ń Wo Ìràwọ̀

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra awò tí a fi ń wo ìràwọ̀, tí owó rẹ̀ kò sì pọ̀, ìdẹkùn kan ń bẹ lọ́nà rẹ̀. Àwọn tí ń tà á a máa kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí pé awò náà ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 500. Irọ́ ọlọ́jà ni. Ohun tí ó yẹ kí olùrà kọ́kọ́ béèrè ni bí ojú awò náà ti fẹ̀ tó, nítorí ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Awò tí ojú rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 130 ń kó ìmọ́lẹ̀ ní ìlọ́po 4 èyí tí ojú rẹ̀ jẹ́ 65. Bí ènìyàn bá sì fi èyí kékeré náà sọ nǹkan di ńlá ju ìlọ́po 130 lọ, bàìbàì ni yóò máa rí i. Bí ẹsẹ̀ tí a gbé e lé kò bá tún lágbára, atẹ́gùn díẹ̀ ni yóò mú kí òṣùpá máa jó lójú ẹni.

Ẹni tí ó mọ èyí dájú ni John Dobson, ará Amẹ́ríkà, tí a bí ní Beijing ní ilẹ̀ Ṣáínà ní 1915. Ní 1944, ó wọ ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn Vedanta ní San Francisco. Kò lówó lọ́wọ́. Ó wá gíláàsì ojú fèrèsé ọkọ̀ ojú omi, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lọ̀ ọ́ títí àárín rẹ̀ fi tẹ̀ wọnú. Ó fi páálí ríbítí ṣe ara awò náà, ó sì gbé e lé inú àpótí pákó tí ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ní 1967, wọ́n ní kí ó kúrò nínú ilé ẹ̀sìn náà. Ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún nígbà náà. Ẹ̀bá títì ni ó gbé awò rẹ̀ lọ, ó ń ké sí gbogbo ẹni tí ń kọjá pé kí wọ́n wá wo òṣùpá lọ́fẹ̀ẹ́. Ó kú ní 2014, ṣùgbọ́n títí di òní ni a ń fi orúkọ rẹ̀ pe irú àpótí bẹ́ẹ̀.

Àpótí yìí bá ilẹ̀ Yorùbá mu. Ẹsẹ̀ awò mìíràn wà tí owó rẹ̀ ga, tí a gbọ́dọ̀ kọjú rẹ̀ sí ìràwọ̀ àríwá tí kì í ṣípò. Ní Ìbàdàn, ìràwọ̀ náà kò ga ju dígírì bí 7 lọ, igi àti òrùlé a sì máa bò ó.

Kò gbọdọ̀ sí ẹni tí yóò kọjú awò sí oòrùn, nítorí kíá ni ojú yóò fọ́. Ìgbà ọyẹ́ pẹ̀lú kò dára, nítorí eruku. Alẹ́ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni ojú ọ̀run ń mọ́ jùlọ. Kí olùwò má ṣe dúró de òṣùpá àrànmọ́jú. Ìgbà tí ó bá kù sí ìlàjì ni òjìji àwọn kòtò ara rẹ̀ ń hàn ketekete. Lẹ́yìn èyí, kí ó wá Júpítà pẹ̀lú òṣùpá rẹ̀ 4 tí ó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ìgbà mìíràn, Àgùàlà, tí wọ́n ń pè ní ajá òṣùpá, yóò yọ sí i nínú awò bí òṣùpá tín-ínrín tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé.