Èjìrẹ́ àti Ohun tí Aboyún Kò Sọ

Ní Ọ̀wọ̀, ní Ìpele, ní Ìfọ̀n àti ní Ìdóànì, kò sí ẹni tí í bi ìyá ìbejì léèrè ọ̀nà tí ó gbà rí wọn. Èjìrẹ́ dé, ayọ̀ dé, ó parí. Obìnrin tí ojú ọmọ ti pọ́n fún ọdún mẹ́jọ kò sì ní máa ka orúkọ oògùn tí ó lò sí etígbọ̀ọ́ ìyá ọkọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹnu bò mọ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a máa sọ ọ́.

Ilẹ̀ Yorùbá ti jẹ́ ilẹ̀ ìbejì kí oògùn òyìnbó tó dé. Ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n P. P. S. Nylander ṣe ìwádìí ìbímọ ní Ìbàdàn àti Igbó-Ọrà. Ó rí i pé nínú 1000 ìbímọ, bí 45 ni ó jẹ́ ti ìbejì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò ju bí 12 lọ. Ní 1973, ó tẹ àbájáde mìíràn jáde: họ́mọ́ọ̀nù kan tí a ń pè ní FSH pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó bí ìbejì ju ti àwọn tí ó bí ọ̀kan ṣoṣo lọ. Ẹṣẹ́ kékeré kan lábẹ́ ọpọlọ ni ó ń ṣe FSH. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú ẹyin obìnrin gbó. Bí ó bá pọ̀, ẹyin méjì lè gbó lóṣù kan náà. (Àwọn ìbejì tí a kò lè dá mọ̀ yàtọ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹyin kan ni ó pín sí méjì.)

Ọ̀nà yìí kan náà ni oògùn ìwá-ọmọ ń tọ̀. Hóró clomiphene ń tan ọpọlọ jẹ ni, kí ó lè rò pé họ́mọ́ọ̀nù obìnrin ti dínkù, kí ó sì tú FSH sílẹ̀ sí i. Nínú 100 oyún tí ó bá tipasẹ̀ rẹ̀ wá, bí 7 ni ó ń jẹ́ ìbejì. Abẹ́rẹ́ FSH lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí ọ̀nà ti yà nìyí. Àpò tí ẹyin bá ti jáde a máa di ẹṣẹ́ tí ń ṣe progesterone, èyí tí ń gbé oyún ró. Ìyá tí ìbejì wá bá fúnra wọn ní irú àpò bẹ́ẹ̀ méjì. Ẹni tí ó gba abẹ́rẹ́ lè ní mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà ni họ́mọ́ọ̀nù fi ń kún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tí ikùn lè wú, tí mímí lè nira. Nígbà tí ó bá fi di bí ọ̀sẹ̀ kẹjọ sí ìkẹwàá, ibi-ọmọ ti gba iṣẹ́ náà ṣe, ìyàtọ̀ yìí a sì rọlẹ̀. Ẹrù ìbejì fúnra rẹ̀ ni ó kù: hCG tí ó pọ̀, èébì, àìtó ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ẹlòmíràn tún wà tí kò ní àpò kankan. Èyí ni ẹni tí a gbé ọlẹ̀ tí a ti fi sínú yìnyín sí nínú, lẹ́yìn tí a fi oògùn tọ́jú ilé-ọmọ rẹ̀. Láti ìta ni gbogbo progesterone rẹ̀ ti ń wá. Bí ó bá rò pé oyún ti dúró, tí ó sì dá oògùn dúró ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, oyún náà lè bàjẹ́.

Aboyún bẹ́ẹ̀ lè ti Èkó tàbí Benin gba ìtọ́jú, kí ó wá padà sílé fún àyẹ̀wò. Nọ́ọ̀sì a bi í pé, "Ìyàwó, ǹjẹ́ ẹ lo oògùn kan kí oyún yìí tó dé?" Ìyá ọkọ jókòó tì í. "Rárá o, nọ́ọ̀sì. Ọwọ́ Ọlọ́run ni." Láti ìgbà náà, èébì rẹ̀ di ibà, ikùn rẹ̀ tí ó wú di ọ̀rọ̀ oúnjẹ, kò sì sí ẹni tí yóò rán an létí progesterone. Ìtìjú yìí wúwo ju oògùn lọ, ó sì le láti dá aboyún náà lẹ́bi. Nọ́ọ̀sì tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ a kọ́kọ́ rán ìyá ọkọ lọ ra omi, kí ó tó béèrè.