Èkó Ní Onílẹ̀

Ọdún kan rèé tí iṣẹ́ tíṣà gbé mi láti Ìkìrun wá sí Èkó. Ìmọ̀ràn méjì ni àwọn ará ilé fi sin mí: kí n ṣọ́ àpò mi, kí n má sì tètè gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Nígbà tí mo dé, mo gbọ́ ẹ̀kẹta lẹ́nu àwọn àlejò bíi tèmi: "Èkó kò ní onílẹ̀, ẹni tó bá dé ló ni ín." Ọ̀rọ̀ kẹta yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ pàápàá ti ń fi í jiyàn ní kíláàsì. Ọ̀rọ̀ tí ọmọdé bá sì fi jiyàn lónìí, àgbà lè fi jà lọ́la.

Àjèjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tó bá fẹ́ mọ Èkó, kí ó fi ẹsẹ̀ rìn ín. Nínú dánfó, ariwo kọ̀ndọ́ àti ìjà ṣénjì nìkan ni ènìyàn ń gbọ́. Nítorí náà, ní ọjọ́ Sátidé, mo máa ń kọjá lórí omi láti Èbúté Mẹ́ta lọ sí erékùṣù, kí n lè máa bi àwọn àgbà ní ìtàn orúkọ àdúgbò wọn.

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n sọ fún mi pé oko ata Àrómirẹ́ ni ibi tí ààfin Ọba wà lónìí, ibẹ̀ sì ni orúkọ Ìga Ìdúngànrán ti wá. Àrómirẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Olófin, àwọn tí ìran wọn di ìjòyè onífìlà funfun, onílẹ̀ Èkó. Ní Pópó Àgùdà, mo rí àdúgbò àwọn tó ti oko ẹrú Bràsíìlì àti Kúbà padà wá sílé. Ní Olówógbowó, àwọn Sàró tó ti Sierra Leone dé ló tẹ̀dó síbẹ̀. Ọba Dòsùmú fi ìwé ilẹ̀ fún àwọn kan nínú wọn. Bí ilẹ̀ kò bá ní olówó, ta ni ìbá fi tọrọ?

Ilé-ẹjọ́ pàápàá ti jẹ́rìí sí i. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tó gba Èkó ní 1861, wá gba ilẹ̀ ní Àpápá fún iṣẹ́ ìlú. Wọ́n ní kì í ṣe owó onílẹ̀ gan-an ló tọ́ sí Amodu Tijani, Olóyè Olúwa. Bàbá náà kò gbà. Ní 1920, òun àti Herbert Macaulay wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1921, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ dá a láre: àwọn ènìyàn rẹ̀ ló ni ilẹ̀ náà, kí wọ́n san owó rẹ̀ bó ti yẹ.

Èmi kò sọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè máa lé àlejò. Àlejò ni mí, Èkó sì gbà mí. Ṣùgbọ́n ilé tó ń gba àlejò kò sọ pé òun kò ní baálé. Ọ̀rọ̀ "kò ní onílẹ̀" kò sì gba tálákà là. Ní oṣù Keje 1990, ìjọba lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kúrò ní Máròkó, wọ́n sì wó ilé wọn. Ibi tí a bá ti ní kò sí onílẹ̀, alágbára ni yóò di onílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ ní Èkó, ẹ ṣọ́ àpò yín, ṣùgbọ́n ẹ kí àwọn àgbà àdúgbò. Ẹ bèèrè ìtàn ibi tí ẹ ń gbé. Bí Èyò bá jáde, ẹ bọ́ bàtà. Bí ẹ bá sì ra ilẹ̀, ẹ wádìí ìdílé tó ni ín kí ẹ tó sanwó. Ẹni tó kí onílé kí ó tó jókòó, ìjókòó rẹ̀ a máa pẹ́.