Òdo Inú Rẹ́jísítà

Bí wọ́n bá ní ọmọ kan ń pa ilé ìwé jẹ, ìsáǹsá ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn: ọmọ tó wọ yúnífọ́ọ̀mù jáde nílé, tó yà sídìí igi máńgòrò, tó ń gbá bọ́ọ̀lù títí wọ́n fi jáde ilé ìwé. Irú wọn wà, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí iṣẹ́ ìwé ìròyìn ti ń gbé mi wọ ilé ìwé káàkiri, mo ti rí i pé ìsáǹsá kọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn tí àgbà ilé wọn mọ̀ pé wọn kò lọ ni wọ́n pọ̀, àgbà náà gan-an ló sì dá wọn dúró.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọkùnrin kan fún yín. Ní ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, mo lọ sí abúlé kan lẹ́yìn Ìbàdàn nítorí ìròyìn ọ̀nà tó bàjẹ́. Òjò ká mi mọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ibẹ̀, mo sì jókòó ti tíṣà kíláàsì karùn-ún. Ó ṣí rẹ́jísítà. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo eléyìí.” Òdo ló wà níwájú orúkọ ọmọ náà káàkiri, bí ẹni gbin ilá. Tíṣà ní ìyá àgbà tó ń tọ́ ọ ti wá sọ pé bí táàmù bá parí, òun yóò mú un lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, nítorí orí ẹ̀ ò gbàwé.

Mo pe ọmọ náà. Ó ka ìwé Yorùbá fún mi geere. Ó ṣe àròpọ̀, ó gbà á. Àfi ìgbà tí a dé orí ìdajì àti ìdá mẹ́rin ló bẹ̀rẹ̀ sí í wolẹ̀. Tíṣà mi orí. “Ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kò wá. Ọjọ́ tí mo tún un ṣe, kò wá.”

Mo wá fara balẹ̀ wo àwọn òdo náà. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀sẹ̀ kejì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọ̀sẹ̀ kẹta, Ọjọ́rú. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, Ọjọ́bọ̀. Àṣé ọjọ́ ọjà ni! Ọjà ọrún ni wọ́n ń ná níbẹ̀. Bí wọ́n bá ná an lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ló tún pé. Ìyá àgbà ń ta ẹ̀lùbọ́, ọmọ yìí ló ń bá a rù ú.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ 4, ọjọ́ 20 ni ilé ìwé ń ṣí. Ọjà sì bọ́ sí 5 nínú wọn. Bí táàmù bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ 12, ọjọ́ 15 ti lọ nínú 60. Láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà, ọdún kan ààbọ̀ ti bá ọjà lọ. Ta ni yóò wá ní orí ọmọ náà ni kò gbàwé? Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Nígbà tí òjò dá, èmi àti tíṣà lọ bá ìyá náà. A kí i, a dọ̀bálẹ̀, a sọ tẹnu wa. Ó gbọ́ tán, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹnu ẹ̀yin alákọ̀wé dùn. Ilé ìwé tí ẹ lọ́fẹ̀ẹ́ ni, ta ló ra ìwé? Ta ló ra bàtà? Ẹ̀lùbọ́ yìí náà ni. Bí kò bá dé ọjà, kí la fẹ́ jẹ?”

Ọ̀rọ̀ wá di kẹ́kẹ́ mọ́ mi lẹ́nu. Lóòótọ́, láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ìjọba Awólọ́wọ̀ ti sọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ nílẹ̀ wa. Òfin UBE ti ọdún 2004 tilẹ̀ sọ ọ́ di dandan. Òbí tó bá kọ̀, ìkìlọ̀ ni lẹ́ẹ̀kìíní. Lẹ́ẹ̀kejì, owó ìtanràn 2,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Ṣùgbọ́n ta ni yóò lọ mú ìyá arúgbó ẹlẹ́lùbọ́? Bí wọ́n bá sì mú un, ta ni yóò bọ́ ọmọ?

Tíṣà ló béèrè ọ̀rọ̀ tó tú kókó. “Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kó jókòó tì yín lọ́jà ni, àbí kó ṣáà bá yín ru ẹrù débẹ̀?” Ìyá ní ẹrù ni. Àmọ́ kó tó padà dé, ilé ìwé á ti wọlé, wọ́n á sì na ẹni tó bá pẹ́. Ọmọ náà kúkú yàn láti má lọ mọ́. Ẹgba tí a fi ń lé pípẹ́ ló sọ pípẹ́ di àìwá!

Àdéhùn tí a ṣe kò le. Ọmọ yóò ru ẹrù ní ìdájí. Bó bá pẹ́ lọ́jọ́ ọjà, ẹnikẹ́ni kò ní nà án. Bí ilé ìwé bá jáde, yóò lọ bá ìyá rẹ̀ ru ìyókù bọ̀. Hẹ́dìmásítà fọwọ́ sí i. Ní òpin táàmù tó tẹ̀ lé e, tíṣà pè mí lórí fóònù: òdo 15 ti di 4. Kò tíì tán, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mọ́, ó sì ti mọ ìdá mẹ́rin.

Ti ọmọ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ọmọbìnrin tó ń pa ọjọ́ mẹ́rin jẹ lóṣooṣù, ẹ béèrè bóyá ilé ìwé rẹ̀ ní ṣáláńgá tó ní ilẹ̀kùn. Ẹni tí wọ́n lé wálé nítorí owó lẹ́fì, ẹ má pè é ní ìsáǹsá. Láti ìgbà tí owó epo fò sókè lọ́dún 2023, owó ọkọ̀ nìkan ti dá ọ̀pọ̀ ọmọ dúró sílé. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, kí ẹ tó mú pàṣán, ẹ ka òdo inú rẹ́jísítà ná, kí ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n bọ́ sí, kí ẹ sì bi ọmọ náà ní ibi tó wà lọ́jọ́ náà.