ILÉ ÒRÌṢÀ TÓ DI ṢỌ́Ọ̀ṢÌ: OHUN TÍ BÀBÁ ÌBEJÌ ÀTI ÌYÀWÓ WỌN RÍ LÓKÈ ÒKUN

Ìjà ẹbí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ lọ́jà, ṣùgbọ́n ó ń jẹni lọ́kàn ju gbèsè lọ. Irú rẹ̀ ló wà láàárín Bàbá Ìbejì, bíríkìlà tó ti fẹ̀yìn tì nílùú Ìbàdàn, àti àbúrò wọn tó ń rọ irin nílé bàbá wọn ní Ìsẹ́yìn.

Ojúbọ Ògún tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ló dá ìjà náà sílẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo ni, ògiri amọ̀, páànù tó ti dípẹtà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbẹ̀dẹ. Ìyá Ìbejì, tí wọ́n ń ta aṣọ ní Gbági, tí wọ́n sì tún jẹ́ ìyá ìjọ, ní kí wọ́n wó o, kí wọ́n fi ààyè rẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù méjì. Búlọ́ọ̀kù 600 ti wà nílẹ̀. Àbúrò ní àfi bí òun bá kú. Bẹ́ẹ̀ ni ọdún méjì gbáko kọjá, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ò kí ara wọn.

Inú ìjà yìí ni wọ́n wà lọ́dún 2024 tí àwọn ìbejì tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù fi ní káwọn òbí àwọn wá sinmi. Wọ́n sanwó fún wọn kí wọ́n bá àwọn èrò bí ogójì kan lọ wo àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ní Ítálì àti Gíríìsì. Arúgbó ló pọ̀ jù nínú èrò náà, àwọn méjì yìí nìkan sì ni aláwọ̀ dúdú. Inú Ìyá Ìbejì dùn dẹ́yìn. Wọ́n ní ìlú tí Pọ́ọ̀lù fẹsẹ̀ tẹ̀ làwọn ń lọ. Wọn ò mọ̀ pé ilé òrìṣà làwọn máa bá lọ́hùn-ún.

Ní Róòmù, ilé tí wọ́n ń pè ní Pantheon ni bọ́ọ̀sì kọ́kọ́ já wọn sí. Hadrian, ọba Róòmù, ló kọ́ ọ parí ní nǹkan bí ọdún 126 lẹ́yìn ìbí Jésù, fún àwọn òrìṣà ilẹ̀ Róòmù. Ẹ̀yin bíríkìlà, ẹ gbọ́ èyí o. Òrùlé ilé náà rí roboto bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 142, gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ náà sì jẹ́ 142. Kọnkéré lásán ni, kò sí irin kan ṣoṣo nínú rẹ̀! Ẹfun tí wọ́n fi òkúta sun àti eérú òkè tó ń yọ iná ni wọ́n fi po ó. Nísàlẹ̀, òkúta wúwo ni wọ́n dà sí i, bí wọ́n sì ti ń gòkè ni wọ́n ń lo èyí tó fúyẹ́. Ògiri òrùlé náà nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà 21 nísàlẹ̀, nígbà tó fi máa dókè kò ju 4 lọ mọ́.

Bàbá Ìbejì gbójú sókè títí fìlà fi já bọ́ lórí wọn. Ihò ńlá kan wà láàárín òrùlé náà tí ẹnikẹ́ni ò bò. Wọ́n bi amọ̀nà, obìnrin Ítálì kan tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, pé tí òjò bá rọ̀ ńkọ́? Ó ní inú ilé ló ń rọ̀ sí. Ló bá tọ́ka sáwọn ihò wẹ́wẹ́ tí omi ń gbà lọ nílẹ̀. Bàbá kan sáárá. Wọ́n ní, "Ẹni tó kọ́ ilé yìí mọṣẹ́. Àwa tí à ń fi irin da dẹ́kìn, ṣebí ó ṣì ń sán mọ́ wa lọ́wọ́."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí amọ̀nà sọ tẹ̀ lé e ló dà bí ẹni pé wọ́n ránṣẹ́ sí tọkọtaya náà. Ó ní lọ́dún 609 ni ọba Phocas fi ilé òrìṣà yìí ta Póòpù Boniface Kẹrin lọ́rẹ, tí ìyẹn sì sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀ṣì Màríà àti àwọn ajẹ́rìíkú. Títí dòní ni wọ́n ń jọ́sìn níbẹ̀. Ó ní ohun tó jẹ́ kó ṣẹ́ kù nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ilé òrìṣà tí ò rí ẹni lò ó, àwọn ará ìlú kó òkúta wọn lọ fi kọ́lé, wọ́n sì sun mábù wọn di ẹfun. Lọ́dún 601, Póòpù Gregory ti kọ̀wé sáwọn tó lọ wàásù ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ère ni kí wọ́n pa run, kí wọ́n dá ilé sí bó bá jẹ́ ilé tó dára.

Bàbá ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé o gbọ́? Òyìnbó dá tiwọn sí, tiwa ni wọ́n ní ká dáná sun."

Ìyá ò gbà. Wọ́n ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ má yí ọ̀rọ̀ po. Tiwọn ti di ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé ti Ìsẹ́yìn náà ti di ṣọ́ọ̀ṣì ni?"

Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Òótọ́ ni Ìyá sọ.

Láti Róòmù, wọ́n wọ bàálù lọ sí erékùṣù Sísílì, ní ìlú Sírákúsì, níbi tí Bíbélì ti ní Pọ́ọ̀lù lo ọjọ́ mẹ́ta. Ilé òrìṣà Áténà ni ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú náà tẹ́lẹ̀, ó sì ti tó 2,500 ọdún tí wọ́n ti kọ́ ọ. Òpó òkúta rẹ̀ gìrìwò-gìrìwò ṣì wà nínú ògiri. Bàbá fọwọ́ pa ògiri náà, wọ́n sì ka iṣẹ́ náà bí ẹni ń kàwé. Wọ́n ní àwọn tó sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀ṣì ò wó òpó kankan. Àárín òpó sí òpó ni wọ́n mọ ògiri dí, wọ́n wá lu ojú ọ̀nà sára ògiri ti inú. Ìyá Ìbejì, ọlọ́jà, ṣírò ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yẹ kí ọlọ́jà ṣírò rẹ̀: "Owó ìwólé nìkan, àti owó tí wọn ì bá fi kó àwókù dànù, ó ti tó mọ ògiri yẹn."

Áténì ní Gíríìsì ni wọ́n parí ìrìn àjò náà sí. Lórí òkè ìlú náà ni Parthenon wà. Ọdún 447 ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ. Ó ṣe ilé òrìṣà, ó di ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí àwọn Tọ́kì gba ìlú, ó di mọ́ṣáláṣí. Gbogbo ìyẹn kò bà á jẹ́ tó ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1687. Ogun dé, àwọn Tọ́kì kó ẹ̀tù ìbọn síbẹ̀, ọta àgbá àwọn ará Fẹ́nísì bà á, ó bú gbàmù! Ilé tó ti dúró ju 2,000 ọdún lọ fọ́ lójú ẹsẹ̀. Lọ́dún 1975 ni ìjọba Gíríìsì yan ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó àtúnṣe, àwọn agbẹ́kùúta ṣì ń gé mábù níbẹ̀ títí dòní.

Nísàlẹ̀ Parthenon ni òkè Áréópágù wà, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti wàásù. Ìyá Ìbejì jókòó sórí òkúta, wọ́n gbójú sókè wo ilé òrìṣà náà, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n mọ ibi ọ̀rọ̀ náà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì dáadáa. Ère ìlú yẹn ba Pọ́ọ̀lù nínú jẹ́, kò sì fi bò. Ilé yìí wà lókè orí rẹ̀ nígbà náà, kò tíì di ṣọ́ọ̀ṣì.

Wọ́n ní, "Bàbá Ìbejì, Pọ́ọ̀lù ò gbé òòlù. Ẹnu ló lò."

Bàbá dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Kí n sọ òótọ́ fún ọ. Èmi náà ń sá sẹ́yìn rẹ ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ló ń ká mi lára, owó ṣọ́ọ̀bù ló wọ̀ mí lójú."

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Bàbá Ìbejì pe Ìsẹ́yìn lórí fóònù. Àbúrò gbé e, ẹ̀rù bà á, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí o?" Bàbá ní kò sí. Wọ́n ní, "Páànù orí ojúbọ yẹn, ṣé kò tíì máa jò?" Àbúrò ní ó ti ń jò láti ọjọ́ pípẹ́. Bàbá ní, "Ó dáa. Tí mo bá ti dé, mò ń bọ̀ wá kàn án."

Wọ́n kàn án lóòótọ́. Ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n gbé ṣọ́ọ̀bù lọ, búlọ́ọ̀kù 600 ò sì ṣòfò. Ìyá Ìbejì ò yí padà nínú ìgbàgbọ́ wọn. Wọn kì í wọ yàrá náà, wọn kì í sì í jẹ ohun tó bá tibẹ̀ wá. Ohun tí wọ́n ń sọ fáwọn ìyá ìjọ tó bá bi wọ́n léèrè ni pé, "Èmi ò ní wọlé níbẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní gbé òòlù."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé bàbá tẹ́ ẹ fẹ́ wó, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ṣé nítorí Ọlọ́run ni, àbí nítorí ilẹ̀? Ẹni tó bá wó ilé lónìí lè tún ilé mìíràn kọ́ lọ́la. Ṣùgbọ́n àbúrò ẹni tó bá bá ilé lọ, búlọ́ọ̀kù mélòó ni wọ́n máa fi tún un mọ?