Ọ̀dà Ló Dí I

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ń fi ọkọ̀ tòkunbọ̀ polówó agbo láti Ìlaròó dé Ayétòrò. Bí wọ́n bá ti tẹná, ampilifáyà á máa han bí ẹ̀fọn, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ orúkọ agbo. Réwáyà kan ní kí wọ́n ra òmíràn. Owó dà?

Orí ọ̀dà ni wọ́n de wáyà dúdú mọ́. Ara irin ọkọ̀ ló yẹ kí iná gbà padà sí bátìrì. Bí ọ̀dà bá dí i, á gba wáyà ohùn, á sì kó ariwo alternator dání. Mo ha ọ̀dà náà títí irin fi ń dán, mo fi wáyà kúkúrú tó nípọn bíi ti pupa dè é pinpin, mo kun gírísì lé e. (Nọ́ọ̀tì bẹ́líìtì ìjókòó kọ́ o, ẹ̀mí ni ìyẹn.) Ariwo dákẹ́.

Fíúsì ló kù tá a jọ ń fà: wáyà pupa ti ẹnu bátìrì wá láìní ẹyọ kan. Wọ́n ní ó di ọjà tó ń bọ̀.