Ìlà Funfun Nínú Ẹ̀rẹ̀kẹ́

Erasmus Wilson, oníṣègùn awọ ara ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló sọ àìsàn kan tó ń mú awọ ara àti ẹnu lórúkọ ní 1869: lichen planus. Ní 1895, Louis Frédéric Wickham ní ilẹ̀ Faransé ṣàpèjúwe àwọn ìlà funfun tín-ín-rín tó máa ń wà lójú rẹ̀, orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n sì ń pe ìlà náà títí dòní. Ọkùnrin ni àwọn méjèèjì. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tí àìsàn náà ń ṣe lẹ́nu.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì ló sábà máa ń mú pọ̀. Oníṣègùn eyín tó bá rí i lápá ọ̀tún kì í dárúkọ nǹkan kan títí yóò fi wo apá òsì.

Irú rẹ̀ tó ń fa ojú mọ́ra jù ni kì í dunni. Ìlà funfun á ta kọ́ra wọn bí àwọ̀n apẹja, ẹni tó ni ẹnu ò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀, títí eyín kan yóò fi máa ro ó tí yóò fi lọ yanu níwájú oníṣègùn. Èyí tó pupa, tí awọ rẹ̀ ti bó, ni ata kò gbọdọ̀ kàn.

Kò sí kòkòrò tó wọlé. Àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti dáàbò bo ara ló péjọ sábẹ́ awọ ẹnu, tí wọ́n ń pa ìpele sẹ́ẹ̀lì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, èyí tí awọ tuntun ti ń hù. Ìmọ̀ ìṣègùn kò tíì rí ohun tó kọ́kọ́ bí wọn nínú.

Kì í ràn, ìbáà ṣe nípa ṣíbí, ìbáà ṣe nípa ìfẹnukonu. Síbẹ̀, ife ẹni tó ní in ni wọ́n máa ń yà sọ́tọ̀ nílé. Ìyẹn burú. Ẹni tí kò lè jẹun dáadáa tún wá ń mu omi lóun nìkan.

Àìsàn kan náà lè yọ sára: kókó pẹlẹbẹ tó ń yúnni gan-an, pàápàá lọ́rùn ọwọ́ àti lójúgun. Lára aláwọ̀ dúdú, ó máa ń fi àpá dúdú sílẹ̀ tí kì í tètè lọ. Ti ara sábà máa ń kásẹ̀ nílẹ̀ láàárín ọdún kan sí méjì. Ti ẹnu lè bá èèyàn gbé fún ogún ọdún.

Nínú àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn ibà, oògùn àtọ̀gbẹ àti oògùn ara ríro, a rí àwọn kan tó lè mú irú egbò yìí jáde lẹ́nu. Àgbàlagbà tó bá ń lo mẹ́ta nínú wọn lẹ́ẹ̀kan náà kò gbọdọ̀ dá wọn dúró fúnra rẹ̀ láti mọ èyí tó fà á. Èyí tó ń gbà á lọ́wọ́ ikú lè wà nínú wọn.

Irin tí wọ́n fi dí ihò eyín náà lè fà á. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ibi tí irin náà ń kàn lẹ́rẹ̀kẹ́ gan-an lè di egbò. Bí wọ́n bá pààrọ̀ irin náà, egbò ọ̀hún sábà máa ń lọ.

Ní Ítálì àti Japan, kòkòrò mẹ́dọ̀wú C máa ń bá àìsàn yìí rìn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ rí àwọn méjèèjì pa pọ̀.

Ata kọ́ ló fà á, ṣùgbọ́n ata ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ aláìsàn. Lẹ́yìn ata, ó kan ọsàn wẹ́wẹ́, ó kan àgbálùmọ̀. Níbi ìnáwó, obìnrin tó bu ìrẹsì funfun láìbu ọbẹ̀ sí i ni wọ́n ń pè ní agbéraga àti onífáàrí. Bóyá ló fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ìdí rẹ̀.

Ọṣẹ ìfọyín tó ń hó jù ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ó ń fọ eyín jù. Sodium lauryl sulfate tó ń mú un hó wà lára ohun tó ń ta awọ ẹnu tó ti bó.

Èrìgì tó pupa máa ń ṣẹ̀jẹ̀ bí búrọ́ọ̀ṣì bá kàn án. Aláìsàn á fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀. Ìdọ̀tí á kó sídìí eyín, èrìgì á wú sí i, ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ sí i. Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ àti ọwọ́ jẹ́jẹ́ ló ń já òkùn yìí, kì í ṣe ìsinmi.

Clobetasol wà lára oògùn steroid tó le jù nínú àwọn tí wọ́n ń fi pa ara. Lọ́jà, ó wà nínú ọ̀pọ̀ ìpara tí àwọn èèyàn fi ń bóra, ẹni tó ń tà á kì í béèrè ìwé dókítà. Nílé ìwòsàn, òun náà ni wọ́n ń kọ fún egbò ẹnu yìí: díẹ̀, lójú ibi tó pupa nìkan, láìjẹ láìmu fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ń lò ó ju aláìsàn lọ.

Ìwé pélébé inú páálí oògùn náà sọ pé ara ni kí wọ́n fi pa, kó má kan ẹnu. Dókítà ní ẹnu ni kó fi sí. Aláìsàn tó mọ̀wé kà á, ó sì pa oògùn náà tì. Gbólóhùn kan ṣoṣo láti ẹnu dókítà ì bá ti tó.

Steroid máa ń fún yíìsì láyè nínú ẹnu, nítorí náà ìtọ́jú funfun kan lè bí funfun mìíràn. Ti yíìsì ṣeé nù kúrò. Ìlà Wickham kì í kúrò bí wọ́n bá nù ún.

Tacrolimus ni wọ́n ń fún ẹni tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún, kí ara rẹ̀ lè gba kíndìnrín ẹlòmíràn. Bí steroid kò bá ran egbò ẹnu yìí, òun náà ni wọ́n ń fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ara lè gba ohun tó jẹ́ tirẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Láti mọ̀ ọ́n dájú, wọ́n ń gé ẹran bíńtín lẹ́nu lọ fún àyẹ̀wò. Ọ̀pọ̀ ń sá nítorí ọ̀rọ̀ tó wà nígboro pé ọ̀bẹ ló ń jí jẹjẹrẹ. Ọ̀bẹ yẹn ló ń tètè fi í hàn.

Láàárín ọdún púpọ̀, nǹkan bí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún ló ń di jẹjẹrẹ fún. Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ àwọn àìsàn ẹnu tó lè yí padà bẹ́ẹ̀. Sìgá àti ọtí kò dára fún un. Àwọn tí ẹnu ń dùn ń padà wá fún àyẹ̀wò, nítorí ó ń dùn wọ́n. Àwọn tí ẹnu kò dùn gba káàdì kan náà, ọjọ́ kan náà ni wọ́n kọ sí i, ọ̀pọ̀ wọn ni kì í sì í wá.