Kirkissoye, Létí Odò Ọya: Kí Ọdẹ Tó Ra Àpò Ẹran

Bí a bá dárúkọ Odò Ọya, Jẹ́bà àti Lọ́kọ́ja ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá máa ń rántí. Ṣùgbọ́n kí omi náà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti la Niamey, olú ìlú orílẹ̀-èdè Niger, já. Apá ọ̀tún odò náà ni Kirkissoye wà, àdúgbò tí oko ìrẹsì pọ̀ sí. Afárá Kennedy, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1970, ni ó kọ́kọ́ so apá ọ̀tún yìí pọ̀ mọ́ ìgboro. Àwọn ará ibẹ̀ mọ ohun tí ẹrù gbígbé jẹ́. Nígbà tí omi ya bo àdúgbò wọn ní ọdún 2012, tí ó sì tún ya bò wọ́n ní ọdún 2020, ohun tí ènìyàn lè gbé nìkan ni ó rí mú jáde.

Láti apá odò yìí ni ọ̀nà ti gba ìlú Say lọ sí ọgbà ẹranko W, tí ó tó nǹkan bí kìlómítà 150 sí Niamey. Niger, Burkina Faso àti Benin ni wọ́n jọ ni ín, UNESCO sì fi ti apá Niger sára àwọn ohun àjogúnbá ayé ní ọdún 1996. Kò sí ààyè ọdẹ níbẹ̀, àwọn agbébọn sì ti sọ igbó náà di ibi ewu láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ní ìhà Kouré, ní ìlà oòrùn Niamey, àgùnfọn 49 péré ni wọ́n kà ní ọdún 1996. Nítorí ààbò tí wọ́n rí, wọ́n ti ju 600 lọ lónìí. Ẹran tí òfin kò fàyè gbà, kò sí àpò tí ó yẹ kí ó gbé e.

Ọdẹ tí ó bá sì tọ ọ̀nà òfin, yálà ní Òkè-Ògùn ni tàbí ní Ṣábẹ̀, kò gbọdọ̀ wo bí àpò ṣe tóbi tó nìkan. Ọ̀yà rọrùn láti fi kọ́ ejìká, ṣùgbọ́n àgbọ̀nrín lè tó kílò 40. Àpò tí ó dára a máa ní egungun irin tàbí igi lẹ́yìn, pẹ̀lú okùn ìbàdí tí ó nípọn, kí ejìká má baà dá ru gbogbo ìwúwo náà. Apá tí ó wúwo jù ni kí ó súnmọ́ ẹ̀yìn, láàárín egungun ejìká. Kí ó ṣeé fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára rẹ̀ pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n ooru le ju ìwúwo lọ. Ní Niamey, oṣù Kẹrin a máa ju ìwọ̀n 40 lọ, ẹran tí a bá dì sínú ọ̀rá yóò sì bàjẹ́ kí a tó délé. Ẹ gbé e kọ́ sábẹ́ ìbòòji kí ooru ara rẹ̀ kọ́kọ́ jáde, kí ẹ tó fi aṣọ òwú mímọ́ dì í, kí afẹ́fẹ́ lè kàn án.

Ní Niger àti ilẹ̀ Hausa, ọgbọ́n tí wọ́n fi borí wàhálà méjèèjì ni kílíṣí. Wọn a gé ẹran tí kò lọ́ràá pẹlẹbẹ, wọn a sá a sí oòrùn, wọn a fi ẹ̀pà, ata àti jíńjà lílọ̀ kùn ún, wọn a tún sá a, kí wọ́n tó fi iná yan án díẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹran tútù ni omi. Ẹran kílò 20 tí ó bá gbẹ dáadáa lè má ju kílò 7 lọ. Àwọn ọdẹ àtijọ́ tiwa náà mọ èyí. Àgọ́ nínú igbó ni wọ́n ti ń yan ẹran gbẹ kí wọ́n tó gbé e wálé.

Nítorí náà, kí ọdẹ tó náwó lórí àpò ńlá, ọ̀bẹ mímú, aṣọ òwú àti sùúrù ìdí iná ni kí ó kọ́kọ́ ní. Ẹrù tí a bá ti dín kù nínú igbó, àpò kékeré yóò gbé e délé, ẹ̀yìn ọdẹ kò sì ní kú sí i.